Eyín Tó Ń Jó Mi Lẹ́nu

Ọjọ́ Ajé, 4 Nofẹ́ńbà

Mo gba eyín àtọwọ́dá mi lónìí ní Ẹgbẹ́dá. Mẹ́rin, lókè, níwájú gan-an, àwọn tí ọ̀kadà gbà lẹ́nu mi nínú kòtò Àyọ̀bọ̀ nígbà òjò. Dókítà Henry fi í bọ̀ mí lẹ́nu, ó gbé dígí fún mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo pa ẹnu dé, mo tún yà á. Ó ní, "Màdáámú, ẹ ti padà di ọmọge." Ẹni tó ti ń fi ìbòmú ṣiṣẹ́ láti oṣù keje, tí àwọn kọ́sítọ́mà ń bi bóyá àìsàn kòrónà tún ti dé, kò sí nídìí ẹ̀fẹ̀ ọmọge.

Nǹkan píńkì tó di àwọn eyín náà mú gba gbogbo àjà ẹnu mi. Ó ń rùn díẹ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòtún, mo bọ́ ọ, mo gbé e sún mọ́ Ọmọ́wùnmí tí a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù nímú. Ó gbójú sókè nídìí wíìgì tó ń rán, ó ní, "Àǹtí Aasiyah, òórùn omi èékánná yín rèé." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo lẹ èékánná fún èèyàn mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú, láìsí ìbòmú, mo sì ń rẹ́rìn-ín lásán sí ẹni tí kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Jímọ̀, 8 Nofẹ́ńbà

Ẹnu ń ta mí. Àsáró ni mo jẹ, àsáró tí mi ò tilẹ̀ fi ata sí tó bó ṣe yẹ, ó wá dà bíi pé iná ni mo gbé mì. Jibril ọkọ mi ní bàtà tuntun náà máa ń ta òun lẹ́sẹ̀ kó tó bá òun mu. Mo ní bàtà kì í gbé inú ẹnu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Nofẹ́ńbà

Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo inú ẹnu mi nínú dígí. Àjà ẹnu mi pupa bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé pupa náà ní ààlà. Ibi tí píńkì yẹn bá dé, ibẹ̀ ló pupa dé. Ibi tí kò dé, ó wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ètè òkè náà ti wú.

Ọ̀dọ̀ wa ní Ìgandó ni Màámi wà láti ìgbà tí Jibril ọmọ wọn ti mú wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ fún iṣẹ́ abẹ ojú. Ojú tí wọn ò tíì fi ríran dáadáa, wọ́n fi rí ètè mi. "Ìyàwó, kí ló ṣe ẹnu ẹ?" Mo ní eyín tuntun ni, ma. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń fi nǹkan dí èékánná ọmọ ọlọ́mọ, tí omi àlùwàlá ò fi ríbi kàn án. Ọlọ́run ò kí ń sùn o." Wọ́n sì ń ka tẹ̀sùbáà wọn lọ.

Mo wọ kíṣíìnì, mo fọ abọ́ tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14 Nofẹ́ńbà

Mo padà sí Ẹgbẹ́dá. Mo jókòó títí ẹsẹ̀ fi kú mọ́ mi nídìí. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, Dókítà Henry ò wo ẹnu mi tó bí èèyàn ṣe ń wo aago.

Ó ní, "Ẹ ò fọ̀ ọ́ dáadáa ni."

Mo ní, "Mo ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀, mo ń fọ̀ ọ́ lálẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi."

"Ẹ sì ń gbé e sùn."

"Inú omi ló ń sùn, èmi ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màdáámú, gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀." Ó kọ oògùn olómi kan fún mi, irú èyí tí wọ́n máa ń kán sẹ́nu ọmọ ọwọ́ tí ẹnu ẹ̀ bá funfun. Ẹnu tèmi ò funfun. Pupa ló pupa.

Gbogbo yín. Mo ń gbé "gbogbo yín" yẹn lọ́kàn láti Ẹgbẹ́dá títí mo fi wọ ilé.

Àìkú, 17 Nofẹ́ńbà

Oògùn ò ṣe nǹkan kan. Ó dùn bíi ṣúgà ṣá.

Ọmọ́wùnmí dé láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó gba Ìgandó kọjá kó lè mú òróró wá fún mi nínú ìgò kékeré. Ó ní pásítọ̀ ti gbàdúrà sí i, kí n fi pa ètè, pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán, pé àwọn kan ò fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ níwájú Màámi. Màámi mi orí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ò jìnnà sí òótọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn méjèèjì fẹnu kò lórí nǹkan, ẹnu tèmi ni wọ́n sì ti pàdé.

Mo sọ fún Ọmọ́wùnmí pé ẹnu mi kì í ṣe ilé ìṣọ́ òru. Ojú ẹ̀ wálẹ̀. Ó gbé ìgò ẹ̀, ó lọ. Ó ti gun bọ́ọ̀sì kí n tó rántí pé láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn sí Ìgandó, bọ́ọ̀sì méjì ni.

Mo bọ́ eyín náà sílẹ̀, mo fi sínú kọ́ọ̀bù, mo gbé kọ́ọ̀bù náà sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n kí n má baà rí i.

Ọjọ́rú, 20 Nofẹ́ńbà

Mi ò tíì wọ eyín láti ọjọ́ Àìkú. Ìbòmú ni mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Lónìí mo jẹ ẹ̀wà àgànyìn pẹ̀lú ata ẹ̀ dúdú yẹn, mo jẹ ẹ́ ní àjẹyó, kò ta mí rárá. Mo tún fi tọ́ọ̀ṣì wò ó: pupa yẹn ti ń ṣí lọ.

Nítorí náà kì í ṣe pé mi ò fọ̀ ọ́. Kì í ṣe ayé. Kì í ṣe àlùwàlá. Nǹkan yẹn ló ń ṣe mí.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọmọ́wùnmí. Ó ní òun ò bínú, ṣùgbọ́n kò bá mi pín gúgúrú ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 23 Nofẹ́ńbà

Olúwapẹ̀lúmi wá láàárọ̀ kí a lè dán àwọ̀ èékánná ìgbéyàwó ẹ̀ wò. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó náà, ìyá ẹ̀ tẹ̀ lé e wá. Ìyá yẹn ń wo ìbòmú mi bíi pé mo fẹ́ kó àrùn ran ìyàwó. Mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, mo fi eyín tó wà nínú báàgì mi bọ ẹnu, mo sì jáde sí wọn. Kí n tó parí ìka ọwọ́ kan, ẹnu ti ń yún mi.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo kọrí sí Ẹgbẹ́dá. Mo ṣàlàyé fún Dókítà Henry pé tí mo bá bọ́ ọ, ara mi á yá, tí mo bá wọ̀ ọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìyẹn fi hàn pé ó ń há mi ni, pé òun máa tẹ́ inú ẹ̀. Ó po pọ́dà mọ́ omi níwájú mi, ó fi kun inú eyín náà, ó kì í bọ̀ mí lẹ́nu báyẹn ní tútù, ó ní kí n di eyín pọ̀. Ó gbóná sí mi lẹ́nu. Omi bọ́ lójú mi. Bí èmi náà ṣe ń po tèmi ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, bó ṣe ń rùn nìyẹn, àmọ́ mi ò po tèmi sínú ẹnu ẹnikẹ́ni rí.

Ó ní, "Ẹ fara dà á, ó ti fẹ́ jinná."

Ọjọ́ Ajé, 25 Nofẹ́ńbà

Ètè mi ti fẹ́ kan imú. Omi lásán ò ṣe é gbé mì. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ sọ ò dáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Nofẹ́ńbà

Ìjà. Jibril bá mi níwájú dígí, ó ní ṣebí èmi ni mo ní dandan ni kí n gbé eyín sẹ́nu, pé àwọn arúgbó tí kò léyín ń jẹun, wọn ò kú. Mo mú bébà, mo kọ ọ́ sí i nítorí ẹnu mi ò ṣí: MI Ò TÍÌ DARÚGBÓ. Mo gbé e sí i lójú. Ó kà á, ó jókòó, ó fọwọ́ bojú.

Ó jáde láìjẹun. Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, ó ní òun lọ ṣe fèrèsé fún nọ́ọ̀sì kan ní Gowon Estate, òun sì fi fọ́tò ẹnu mi hàn án. Mi ò mọ̀ pé ó ya fọ́tò. Nọ́ọ̀sì yẹn ní kí n má padà sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín náà báyìí, kí n lọ rí àwọn dókítà awọ ara ní ọsibítù ìjọba. Mo bi í lórí bébà pé awọ ara ti jẹ́ ti ẹnu báwo. Ó ní òun náà béèrè bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí a ṣáà lọ.

Mo fẹ́ bínú nítorí fọ́tò yẹn. Mi ò rí ìbínú náà mú jáde dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, 2 Disẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti dé, eruku bo gbogbo Abúlé Ẹ̀gbá, a ò rí orí afárá láti ìsàlẹ̀. Jibril ò lọ síbi iṣẹ́. A dé ọsibítù ìjọba ní Ìkẹjà kí oòrùn tó mú, síbẹ̀ èrò ti kún bẹ́ǹṣì.

Dókítà tó rí mi, obìnrin ni, kò dàgbà jù mí lọ. Olúrẹ̀mí ni wọ́n ń pè é. Ó wo ẹnu mi. Ó wò ó pẹ́. Ó gbé eyín náà yí po lábẹ́ iná. Mo ń retí pé kó ní mi ò fọ̀ ọ́. Ó ní:

"Ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín."

Mo ní, "Ẹnu ló ń dùn mí, ma."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín ná."

Mo nà án. Ó ti pẹ́ tí orí ìka mi ti ń bó, tó ń sán, pàápàá àtàǹpàkò àti ìka tí mo fi ń di búrọ́ọ̀ṣì mú. Mo máa ń di ẹ̀bi ẹ̀ ru ọṣẹ. Ó fọwọ́ kan àwọn ibi tó sán, ó ní, "Irú iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń lẹ èékánná."

"Kí lẹ fi ń lẹ̀ ẹ́?"

"Pọ́dà àti omi ẹ̀, ma. Akirílíkì."

Ó fi pẹ́ẹ̀nì ẹ̀ lélẹ̀. Ó wo Jibril, ó tún wò mí. "Ìyá, akirílíkì náà ni wọ́n fi ṣe nǹkan píńkì yìí. Ẹbí kan náà ni wọ́n. Mo rò pé ara yín ti kọ̀ ọ́ láti ọwọ́ kí ẹ tó gbé e sẹ́nu. Àmọ́ mi ò ní fi ẹnu lásán sọ ọ́, a máa dán an wò."

Ó lẹ àwọn nǹkan kéékèèké mọ́ mi lẹ́yìn, lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oògùn tiẹ̀, akirílíkì wà lára wọn. Ó ní mi ò gbọdọ̀ fomi kàn án, kí n padà lọ́jọ́rú, kí n tún padà ní Jímọ̀.

Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń po nǹkan yẹn. Òun ló rán Zikrullah ọmọ mi dé ilé ẹ̀kọ́ Poli. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ òun. Kó jẹ́ nǹkan mìíràn. Kó tilẹ̀ jẹ́ ayé.

Ọjọ́rú, 4 Disẹ́ńbà

Wọ́n tú u lẹ́yìn mi. Ojú kan péré ló ń yún mi, ó ń yún mi bíi pé èèrà wà níbẹ̀. Dókítà fi pẹ́ẹ̀nì sàmì sí i, ó ní Jímọ̀ ló kù.

Jímọ̀, 6 Disẹ́ńbà

Òun ni.

Dókítà Olúrẹ̀mí ya fọ́tò ẹ̀yìn mi kí n lè fojú ara mi rí i. Gbogbo ojú yòókù mọ́ lóló, ojú kan pupa, ó wú, ó ń ṣe omi. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ eyín bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà, pé tí ẹnu èèyàn bá ń dùn ún nídìí eyín àtọwọ́dá, ohun tó sábà máa ń fà á ni kó há a jù tàbí kí ìdọ̀tí wà níbẹ̀, òun ni dókítà ti Ẹgbẹ́dá fi kọ́kọ́ ronú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èyí kò lọ, ó yẹ kó ronú síwájú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó tún po omi tútù sí mi lẹ́nu. Omi tí kò tíì jinná yẹn gan-an ló burú jù.

Mo ní, "Mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà nígbà míì tí mo bá ń ṣiṣẹ́."

Ó ní, "Èyí tó fẹ́lẹ́ yẹn? Omi akirílíkì ń gba inú ẹ̀ kọjá kí ẹ tó parí ìka kan."

"Títí di ìgbà wo ni ara mi máa fi kọ̀ ọ́?"

"Ara kì í gbàgbé, Ìyá. Ẹ máa fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Ìpẹ̀lẹ́ yẹn ló bí mi nínú jù. Ìyàwó mẹ́fà ló wà níwájú mi nínú oṣù yìí, owó iná ṣọ́ọ̀bù wà nílẹ̀, owó ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ ní Jánúárì, ẹnì kan wá jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ó ní kí n fi sílẹ̀.

Nílé, mo ní kí Jibril má sọ fún Màámi. Ó ti sọ kí n tó bọ́ bàtà. Màámi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ṣé mo wí? Mo wí àbí mi ò wí? Èékánná yẹn ni. Ọlọ́run ti dá a."

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, mi ò fún Màámi lésì rí. Mo fún wọn lónìí. Mo ní, "Màámi, dókítà ní Alájà kan wà tí kò lẹ èékánná rí láyé ẹ̀, tó ń kírun márààrún, tó ti lọ Mẹ́kà, ara tiẹ̀ náà kọ irú eyín yìí, ètè ẹ̀ wú ju tèmi lọ. Kí ni Ọlọ́run ń fìyà ẹ̀ jẹ ẹ́?"

Wọ́n kọjú sí Jibril kó bá mi wí. Jibril ní, "Màámi, ó tó báyìí." Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá.

Mi ò kábàámọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Disẹ́ńbà

Ẹgbẹ́dá. Mi ò jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ títí ẹni tó wà nínú fi jáde. Mo gbé ìwé Dókítà Olúrẹ̀mí síwájú ẹ̀, mo gbé eyín lé e lórí.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó ní, "Ẹ ò sọ fún mi pé iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ bi mí?"

Mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ:

"Mo wá síbí lẹ́ẹ̀kíní, ẹ ní ìdọ̀tí ni mí. Mo tún wá, ẹ da omi gbígbóná sí mi lẹ́nu. Ẹ ò bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹ ò wo ọwọ́ mi. Òórùn eyín yẹn àti tèmi, ọ̀kan náà ni, mo fi í ṣe ẹ̀rín pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi, torí èmi ò kàwé oníṣègùn. Ẹ̀yin kà á."

Nọ́ọ̀sì ẹ̀ yọjú, Dókítà Henry fọwọ́ lé e pé kó padà. Ó ní, "Mo kà á. Mi ò rí ẹni tó ní i rí. Mo ṣì yín wò, Ìyá. Ẹ má bínú."

Mo ní màá bínú. Mo ní mo ti ń bínú láti oṣù tó kọjá, mi ò sì tíì ṣe tán.

Ó ní òun máa fi nǹkan mìíràn ṣe é, oríṣi rírọ̀ kan tí kò ní akirílíkì níbi tí ara máa fi kàn án, èyí tí dókítà kọ sínú ìwé, pé òun ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó di Jánúárì kó tó dé. Mo rò ó. Mi ò dárí jì í. Mo jókòó sórí àga ẹ̀ ṣá, mo la ẹnu kó wọ̀n ọ́n, torí eyín ni mo fẹ́, kì í ṣe ìjà.

Jímọ̀, 13 Disẹ́ńbà

Mo ti pe àwọn ìyàwó lọ́kọ̀ọ̀kan pé mi ò lè ṣe èékánná wọn mọ́. Ọ̀kan ṣépè fún mi. Ọ̀kan sunkún. Mo darí wọn sí ẹlòmíràn ní òdìkejì títì. Olúwapẹ̀lúmi nìkan ni mi ò tíì pè.

Àbámẹ́ta, 21 Disẹ́ńbà

Mo ṣe é. Lánàá. Mi ò pe Olúwapẹ̀lúmi, mo sì ti ṣèlérí. Mo wọ ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn, mo so ìbòmú, mo ṣí fèrèsé. Ọmọ́wùnmí ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́." Mo ní kó fojú sí wíìgì ẹ̀. Mo ṣe ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo to òkúta kéékèèké sí i. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé mi ni. Ìyá ìyàwó fúnra ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀.

Àìkú, 22 Disẹ́ńbà

Ìpéǹpéjú mi méjèèjì wú pa. Àtàǹpàkò ọ̀tún là, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ níbẹ̀ tí mo bá ká a. Jibril ló bá mi bu omi àlùwàlá. Kò sọ pé òun sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tí mo lè bínú sí lónìí àfi ara mi, mo sì bínú sí i dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, 30 Disẹ́ńbà

Èrò ń wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń béèrè mi. Ọmọ́wùnmí ń sọ fún wọn pé mi ò lẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn ọmọ ń yin báńgà ní gbogbo Ìkòtún. Mo jókòó sídìí tábìlì mi bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Mo gé èékánná ẹsẹ̀ fún obìnrin méjì, mo fọ̀ ọ́, mo ha á. Ìyẹn ò pa mí lára. Ìyẹn ò sì lè sanwó ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀, 9 Jánúárì

Eyín tuntun. Ó fúyẹ́. Kò rùn. Dókítà Henry bi mí léèmejì pé ṣé kò ta mí. Ó tún bi mí níṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe, irú yẹtí tí mo ń fi sétí, oògùn tí mo ń lò. Mo ní ó pẹ́ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ma.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Jánúárì

Mo ti wọ̀ ọ́ látìgbà yẹn, mo sì ń fi tọ́ọ̀ṣì wo àjà ẹnu mi láràárọ̀. Kò pupa. Kò yún. Mo rẹ́rìn-ín sí ara mi nínú dígí, mo wá rántí tábìlì mi tó ṣófo ní Ìkòtún, inú tún bí mi. Kí ló dé tí ẹnu kò yá títí iṣẹ́ fi bàjẹ́?

Màámi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ yìí. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ púpọ̀ látọjọ́ yẹn. Wọ́n fi láílọ́ọ̀nù kan sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ewé làálì tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n lọ̀ kúnná ló wà nínú ẹ̀. Jibril ní wọ́n ní kí n fi ṣe ẹsẹ̀ fún àwọn ìyàwó, pé òun ni àwọn fi ṣe tàwọn nígbà tí wọ́n gbé àwọn wálé, kò ní oògùn kankan nínú, omi àlùwàlá sì ń kọjá lórí ẹ̀. Wọn ò lè fún èèyàn ní nǹkan kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ àlùwàlá tì í. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò tíì sọ pé màá lò ó.

Àbámẹ́ta, 18 Jánúárì

Ọmọ́wùnmí mú ẹnì kan wá tó fẹ́ ra tábìlì mi, kó sì gba ẹ̀gbẹ́ tèmi nínú ṣọ́ọ̀bù. Jésùtóbi lorúkọ ẹ̀, òun náà ń lẹ èékánná, ó ń bọ̀ láti Àyọ̀bọ̀, ó pọn ọmọ. Ó wo tábìlì, ó wo iná, ó wo àwọn búrọ́ọ̀ṣì. Ó nawọ́ sí ìgò omi akirílíkì tí mi ò tíì ṣí.

Mo ní ìyẹn ò sí fún títà.

Ó ní, "Kò burú, ma. Mo lè rí i rà nínú ọjà níwájú yẹn."

Òótọ́ ni, òótọ́ ọ̀hún sì bí mi nínú débi pé mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un: ẹnu, ètè, Ẹgbẹ́dá, ẹ̀yìn mi, ìyàwó tí mo ṣe kẹ́yìn. Ó ń gbọ́ mi bí èèyàn ṣe ń gbọ́ wáàsí ẹni tí kò bẹ̀ níṣẹ́. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ma. Tèmi ò kí ń ṣe mí bẹ́ẹ̀."

Mo ní kó na ọwọ́ ẹ̀.

Ó fi í pamọ́ sábẹ́ ìdí ọmọ tó pọ̀n. Mo dúró. Ọmọ́wùnmí pàápàá dá abẹ́rẹ́ ẹ̀ dúró. Nígbà tó nà án, orí ìka ẹ̀ ti ń bó, ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.

Ó ní, "Ọyẹ́ ni, ma."

Mi ò bá a jiyàn. Mo pe Jibril pé mi ò tíì ta tábìlì, pé kó má retí owó kankan lónìí. Mo gba nọ́ńbà fóònù Jésùtóbi, mo ní lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ẹ̀ jọ ń lọ rí Dókítà Olúrẹ̀mí ní Ìkẹjà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí èrò tó kún bẹ́ǹṣì.

Ó ní òun ò ráyè lọ́jọ́ Ajé.

Mo ní mi ò bi í léèrè àyè.